Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní títún kọ̀ǹpútà ṣe: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

TíṣàÒkèÒgùn | Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní apá Òkè-Ògùn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ wọn ní ohun tí ìwé wí: kí ni ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ìran kìíní dé ìran karùn-ún, Charles Babbage, ẹ yà á sínú ìwé yín. Àfi bí pírínsípà ṣe pè mí. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti tún ètò ẹ̀kọ́ tò ní 2025, iṣẹ́ ọwọ́ 6 péré ló kù tí àwọn ọmọ máa yàn nínú rẹ̀: iná oòrùn, aṣọ rírán, ọ̀sìn ẹran, ìṣaralóge, ọ̀gbìn, àti èyí tí wọ́n pè ní "Computer Hardware and GSM Repairs". Ó ní eléyìí tó kẹ́yìn, èmi ni mo ni ín.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ọmọ 43. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì 6 tó ti kú, wọ́n wà ní sítọ́ọ̀ lábẹ́ àwọn àga tó ti ṣẹ́, aláǹgbá ti yé ẹyin sínú ọ̀kan. Láptọ́ọ̀pù tèmi kan. Sùkúrúdíráfà 2. Iná ọba, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá; jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé, àfi ọjọ́ ìdánwò. Kí n má parọ́ fún yín, èmi alára ò tíì tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ rí láyé mi.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÒtìgbà | Ọjọ́ Ẹtì, 10:03 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá tíṣà. Kọ̀ǹpútà 6 tó kú yẹn, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri fojú kàn án. Owó ni.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní òpópónà Òtìgbà, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún 4 ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kí wọ́n tó ṣe fìríìdọ́ọ̀mù fún mi. Odindi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà. Òkú ẹ̀rọ ni ọ̀gá gbé síwájú mi. Tú u. Tò ó. Tún un tú. Nígbà tó yá, ó ní kí n dijú tò ó. Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni. Ọ̀gá ní òkú ẹ̀rọ kì í tún kú, èyíkéyìí tí mo bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé ọlọ́pàá wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ́ wọn kì í ṣe RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), kì í ṣe CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ). Sùkúrù ni. Ẹ lọ gba páálí ẹyin tó ti ṣófo lọ́wọ́ aláta tó ń ta ẹyin, ihò 30 ló wà nínú rẹ̀. Ihò kan, sùkúrù ibì kan. Kí wọ́n fi bírò kọ ibi tó ti wá sí etí ihò náà. Mo ti rí ẹni tó fi sùkúrù gígùn dé ihò kúkúrú lára láptọ́ọ̀pù, tó sì dá módábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, lu. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ di gbèsè.

43 pín sí 6, 7 á wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ṣẹ́ kù. Ẹ fi oníyẹn ṣe akọ̀wé.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò gbọdọ̀ tú ni páwà, àpótí irin tí wáyà iná wọ̀ lẹ́yìn. Iná tiwa, fólítì 230 ni. Tó bá wọ ibẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di iná tààrà, ó ń lọ sí bíi 325 nínú kàpásítọ̀ ńlá tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀. Ẹ lè ti yọ wáyà lára ògiri kí iná ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àpótí náà àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ẹni tó bá ṣí i, ẹ lé e síta.

MàmáÌbejì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé torí kí ọmọ di onífóònù abẹ́ àgbóòrùn la ṣe ń sanwó ilé-ìwé? Ọ̀gbẹ́ni kan tún fóònù mi ṣe ní ọjà wa nílùú yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹnu ìsọ̀rọ̀ ni mo ní kó tún ṣe. Nígbà tí mo padà dé láti lọ ra tòmátò, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kó orí jọ sídìí fóònù mi, fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìyá mi ṣe ń jó. Ẹnu ìsọ̀rọ̀ ò sì dára títí dòní. Irú iṣẹ́ yìí lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ wa?

ỌmọÒtìgbà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:41 àárọ̀

Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Abẹ́ àgbóòrùn yẹn ló rán àbúrò mi méjì lọ yunifásítì.

Àmọ́ ti fídíò yẹn, ẹ̀bi wa ni, n ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì (fífi irin gbígbóná yọ́ ọ láti fi lẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀) tí wọn ò kọ́ ọ pé ohun oníbàárà kì í ṣe ìran wíwò. Ilé-ìwé lè ṣe èyí jù wá lọ.

TíṣàÌjẹ̀bú | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀

TíṣàÒkèÒgùn, ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ètò 2011 ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ni wọ́n kó wá nígbà náà, títún fóònù GSM ṣe sì wà nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn án fún níbi tí mo wà. Fóònù kan kò sí. Mo ya fóònù sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: síkíríìnì rèé, áńtẹ́nà rèé, ibi tí SIM ń wọ̀ rèé. Àwọn ọmọ yà á, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò. Wọ́n kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ Sáàmù 23. Ọ̀kan nínú wọn gba máàkì tó ju ti gbogbo kíláàsì lọ, ó pàdé mi lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní "Tíṣà, ẹ bá mi wá ẹni tó lè tún ojú ṣájà fóònù mi ṣe." N ò mọ ibi tí mo máa fi ojú pamọ́ sí.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ti pàdánù. Ẹ lọ bá oníṣẹ́ kan ládùúgbò yín, kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ á gbé e.

Ọ̀rọ̀ jíjó lẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíì máa tó dá lábàá, mo lòdì sí i fún SS1. Irin gbígbóná 6 láàárín ọmọ 43 nínú yàrá tí kò ní fèrèsé tó péye? Ẹ dákun.

ỌmọÒtìgbà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:05 ọ̀sán

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ di irin yẹn mú, n ò jóná.

TíṣàÌjẹ̀bú | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:09 ọ̀sán

Ìwọ nìkan lo wà lójú ọ̀gá rẹ. Èmi ní 43, ojú méjì péré sì ni mo ní.

ỌmọÒtìgbà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:15 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbà. Kó di SS2, kí wọ́n máa bọ́ síbẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin.

AlàgbàManchester | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Àbámẹ́ta gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí èmi tó jẹ́ pé ẹnu ni mò ń tà jẹun náà sọ̀rọ̀.

Ọdún 11 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà níhìn-ín. Sùkúrúdíráfà mi lè lo oṣù kan kó má jáde nínú dúrọ́ọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ ohun tí ẹni tí inú ń bí ń sọ, kí n mọ ohun tó fẹ́ sọ gan-an. Èèyàn á pè, á ní "íntánẹ́ẹ̀tì ti kú." Íntánẹ́ẹ̀tì ò kú. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ló ti gbó. Bí mo bá tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, n ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fi hàn mí. Tí ẹ̀rọ ò bá tàn, má ṣe bi oníbàárà pé "Ṣé ẹ ti ki wáyà bọ ògiri?" Á bínú, á ní "bẹ́ẹ̀ ni" láìwo ibẹ̀. Wí fún un pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fẹ́ eruku ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún un kì." Á tẹ̀ ba. Á dákẹ́ díẹ̀. Á ní "Ó ti tàn o, ẹ ṣé." Ojú ò tì í, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́. Àwa tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, kò yẹ kí iṣẹ́ yìí ṣòro fún wa.

Ọmọbìnrin mi ń ṣe T Level, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba níbí, ní ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yìí lọ́wọ́. Ní England, 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 16 sókè. Ọdún méjì ni, ó kéré tán ọjọ́ 45 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ níbi iṣẹ́ gidi, láàárín àwọn tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó lọ ti ẹ̀, ìwé ló kọ́kọ́ ní kó máa kọ: ta ló pè, kí ló rí, kí la ṣe, ṣé ó ṣiṣẹ́. Ó ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà tún bàjẹ́, ìwé tó kọ yẹn ló fi tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Màmá Ìbejì, ẹ wò ó báyìí mà: ẹni tó bá gba CompTIA A+, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ níbí ń kà á sí. Ìdánwò méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìbéèrè 90 lọ láàárín ìṣẹ́jú 90. Máàkì tí wọ́n fi ń yege lórí 900 jẹ́ 675 fún àkọ́kọ́, 700 fún ìkejì. Owó rẹ̀ wọ́n fún ọmọ girama, n ò ní kí wọ́n sáré lọ ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ àgbóòrùn nìkan.

MàmáÌbejì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn kí wọ́n má wo fídíò èèyàn o.

Ayọ̀ọlá_SS3 | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:17 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ kékeré ni mí níbí, àmọ́ mo ti lo ọlidé mẹ́ta nídìí fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wá, ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ bátìrì. Èyí tó bá ti wú tí ẹ̀yìn fóònù fi gbè, ẹ má fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tú u. Ọmọ iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá mi fi ọ̀bẹ rọ ọ́. Ó kọ́kọ́ dún "ṣììì" bí epo tó gbóná, lẹ́yìn náà iná. Yẹ̀pẹ̀ tó wà nílẹ̀ la dà bò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ti gbé korobá yẹ̀pẹ̀ sẹ́bàá tábìlì.

Ọ̀gá tún ní ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi oníbàárà kó tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀: Kí lẹ rí? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò bá bi í, kò ní jẹun ọ̀sán. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ṣe, mo wá rí i pé ìkẹta ni wọ́n máa ń fi pamọ́. "Kò sí nǹkan kan tí mo ṣe sí i." Kó tó pẹ́, omi á máa kán jáde.

TíṣàÒkèÒgùn | Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà

Ẹ káàsán. Mo ti bẹ̀rẹ̀ o. Páálí ẹyin ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè Ayọ̀ọlá sórí káàdì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. A rí onífóònù kan ládùúgbò, Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ló ń wá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó kọjá, wọ́n tan iná, a ki kọ̀ǹpútà HP kan bọ iná. Fáànù yí, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ pariwo "ó ti kú!" Onífóònù wa náà ti ń ro módábọ́ọ̀dù tuntun lọ́kàn. Ọmọbìnrin tí mo fi ṣe akọ̀wé, ẹni tó ṣẹ́ kù lórí 42 yẹn, òun ló ní "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n kà á." Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń ṣẹ́jú, á sinmi, á tún ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo wá a lórí láptọ́ọ̀pù: fún irú HP àtijọ́ yẹn, márùn-ún, RAM ni. A yọ wáyà, a fa RAM jáde, ojú góòlù rẹ̀ ti dúdú. Írésà ni wọ́n fi pa á bí ẹní pa àṣìṣe rẹ́, wọ́n kì í padà, ẹ̀gbẹ́ kan dún "kà", èkejì ò dún. Ọmọ náà tún un tẹ̀. "Kà." A tan án.

Mi ò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì mi. Wọ́n sáré wá láti àwọn kíláàsì yòókù wá wò pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè mi báyìí: Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM 4GB. Wọ́n ní Microsoft ti pa á tì.

AlàgbàManchester | Ọjọ́ kan náà, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n fòpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un bí ìṣe wọn. Ẹ̀rọ ọjọ́ orí yẹn ò lè gba Windows 11 bó ti yẹ, ó ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tí ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ní. Ẹ gbé Linux Mint tó jẹ́ Xfce, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows tí kò sì wúwo, lé e, ọ̀fẹ́ ni, RAM 4GB tó o. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi í síbẹ̀ láti orí fláàṣì, kí wọ́n bà á jẹ́, kí wọ́n tún un fi.

TíṣàÒkèÒgùn | Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà

Ẹ jẹ́ n ròyìn eléyìí kí n tó gbàgbé.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pírínsípà wa ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọdún tó kọjá. Kò sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí dáadáa lórí rẹ̀. Wọ́n pe ẹnì kan tó ń jẹ́ ẹnjiníà wá, ó gbowó, ó ní kí wọ́n ra tuntun. Pírínsípà ti kọ owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí akọ̀wé mi àti ọmọkùnrin kan wò ó. Wọ́n wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ kí pírínsípà, ọmọbìnrin náà yọ ìwé rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó kọjú sí ìyá tó ń tẹ̀wé níbẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kí lẹ rí?" Ìyá ní kò ń lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ìgbà wo ló máa ń ṣe é mà?" Ìyá ronú. Ó ní, "Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n mú un dé, kì í gbọ́ràn mọ́. Tí wọn ò bá mú un lọ, ó máa ń ṣe dáadáa." Ọdún kan gbáko nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi ìyá náà rí.

Ọmọkùnrin náà ní kó ṣí ojú ìwé kan. Ó kọ sójú rẹ̀ gbàgàdà: "Your clock is behind." Gbogbo wa ti rí i tẹ́lẹ̀, gbogbo wa ló ti tẹ àmì tí a fi ń pa á dé. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ọ̀tún: ọjọ́ kìíní, Oṣù Kìíní, 2009. Àwọn ojú ìwé ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó gbà pé 2009 la wà ń wo ìwé ẹ̀rí náà bí ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ló bá kọ̀ ọ́.

Wọ́n yọ wáyà, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (páálí ẹyin ti wà nílẹ̀), wọ́n yọ bátìrì róbótó bíi kọ́bọ̀ tó ń pa àsìkò mọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́. Ó yẹ kó jẹ́ fólítì 3. Ó ń ka 1.1. Ara rẹ̀ la ti ka CR2032, mo sì fi ṣe ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀: 20 yẹn ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, 32 ni sísanra rẹ̀, 3.2. Mo rán ọmọkùnrin náà sí ẹni tó ń tún aago ṣe ní ọjà. Owó tó fi rà á kò tó ti àwo ìrẹsì kan.

Pírínsípà wo bátìrì náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Ó wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí.

TíṣàÌjẹ̀bú | Ọjọ́ kan náà, 8:40 alẹ́

Ṣé ẹ lè fi àwọn káàdì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ránṣẹ́ sí mi? Mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láìsí ṣọ́ọ̀kì.

MàmáÌbejì | Ọjọ́ kan náà, 9:15 alẹ́

Tíṣà, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yẹn. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ ọjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó kàn ń pa ara rẹ̀ ni. Ẹnì kan ti ní bátìrì ni, ẹlòmíì ní hádì dískì. Ta ni kí n gbàgbọ́?

Ayọ̀ọlá_SS3 | Ọjọ́ kan náà, 9:18 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Kí lẹ rí gan-an kó tó pa ara rẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo lẹ sì máa ń gbé e lé tẹ́ ẹ bá ń lò ó?

MàmáÌbejì | Ọjọ́ kan náà, 9:31 alẹ́

Orí tìmùtìmù ni.